Akẹ́kọ̀ọ́ tó ré olùkọ́ rẹ̀ kọjá: Jàpáànì àti ètò ẹ̀kọ́ Faransé

Ní ọdún 1872, ìjọba Meiji ní ilẹ̀ Jàpáànì ṣe òfin ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni wọ́n ti wo bí a ṣe ń pín ilẹ̀ sí ẹkùn ẹ̀kọ́: wọ́n pín tiwọn sí ẹkùn ńlá 8, wọ́n sì pinnu láti dá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 53 760 sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, ọdún 1882 ni òfin Jules Ferry tó sọ ẹ̀kọ́ di dandan fún ọmọdé.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò rọrùn. Òbí ló ń san owó ilé-ìwé, ọmọ tó sì lọ kàwé kò sí lóko mọ́. Ní ọdún 1873, àwọn àgbẹ̀ tí inú ń bí dáná sun ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn agbègbè kan. Ìjọba kò torí èyí jáwọ́. Ó tún òfin náà ṣe léraléra, títí ó fi mú owó ilé-ìwé kúrò ní ọdún 1900. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọmọ tó lé ní 90 nínú 100 fi ní orúkọ nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́.

Ohun kan wà tí wọn kò yá: èdè. Mori Arinori, tó padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti dábàá Gẹ̀ẹ́sì fún wọn. Wọn kò gbà. Wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún ìmọ̀ tuntun, wọ́n sì fi èdè wọn kọ́ni.

Nínú ìdánwò PISA ti ọdún 2022, tí a fi ń wo ìmọ̀ àwọn ọmọ ọdún 15, Jàpáànì gba 536 nínú ìṣirò, Faransé gba 474. Síngápọ̀ ló ṣáájú gbogbo wọn pẹ̀lú 575. Gẹ̀ẹ́sì ni Síngápọ̀ sì fi ń kọ́ni. Nítorí náà, a kò lè sọ pé èdè nìkan ló ń mú ọmọ yege. Ọ̀pọ̀ òbí ní Éṣíà tún ń náwó gọbọi lórí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, ó sì ń rẹ àwọn ọmọ. Síbẹ̀, ní Síngápọ̀ pàápàá, èdè ìdílé ọmọ, ìbáà ṣe Ṣáínà, Malay tàbí Tamil, jẹ́ iṣẹ́ tí a ń ṣe ìdánwò lé lórí.

Ọ̀dọ̀ Faransé kan náà ni ètò ẹ̀kọ́ tiwa ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa kọ́ ni a yàn án. A kò ní kí a lé èdè Faransé lọ; ó ń ṣe wá láǹfààní. Ṣùgbọ́n ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́ lè kàwé dé òpin láì lè kọ lẹ́tà kan sí ìyá rẹ̀ ní Yorùbá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí àwa olùkọ́ àti òbí kò bá kó tiwa fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, ta ni yóò bá wa kó o?