Eléèédú tó fi ebi lé ogun Kublai Khan

Tí a bá gbọ́ ogun Vietnam, Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rántí. Àwọn mìíràn á fi Faransé kún un, pàápàá ogun Dien Bien Phu ní 1954, níbi tí wọ́n ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún kẹ̀kẹ́ ológeere ti oúnjẹ àti ọta gba àárín òkè kọjá. Ti òní ti pẹ́ jùyẹn lọ. Ọdún 1287 sí 1288 ni, nígbà tí Vietnam ṣì ń jẹ́ Dai Viet, tí Kublai Khan, ọba àwọn Mongol tó ti gba Ṣáínà, rán ogun Mongol ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá bá wọn.

Ẹni tó bá sọ ìtàn yìí, Tran Hung Dao, ọ̀gágun àgbà, ló máa ń kì. Ó sì tọ́ sí i. Òun ló ní kí wọ́n kan igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó mọ́ ìsàlẹ̀ odò Bach Dang, tí ọkọ̀ àwọn Mongol há sórí rẹ̀ nígbà tí omi fà, ní oṣù kẹrin 1288. Àmọ́ kí ló lé wọn dé orí odò yẹn? Ebi ni. Ẹni tó sì fi ebi lé wọn, Tran Khanh Du, ó ti ta èédú rí.

Ìjòyè ológun ni tẹ́lẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ìyàwó oníyàwó ló bá a, ìyàwó ọmọ Tran Hung Dao gan-an sì ni! Ọba ní kí wọ́n nà án pa, ṣùgbọ́n ó yọ́ sọ fún àwọn tó ń nà án pé kí wọ́n má jẹ́ kó kú. Wọ́n gba oyè, wọ́n gba dúkìá. Ó padà sí Chi Linh, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi ta èédú. Ní 1282 ọba rí i lórí omi, ó dá a mọ̀ lábẹ́ àkẹtẹ̀, ó sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí ogun dé, Van Don létí òkun ni wọ́n ní kó máa ṣọ́. Omar, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Mongol, kọlù ú, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀. Bàbá ọba bínú, ó rán ìránṣẹ́ pé kí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é wá. Khanh Du ò jiyàn. Ó ní òun gbà pé òun jẹ̀bi, kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun ní ọjọ́ méjì mẹ́ta péré. Ohun tó ti rò ni pé ọkọ̀ ogun ló kọjá yẹn. Ọkọ̀ ẹrù ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, á wúwo, kò sì ní sí ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Ó ṣa ìwọ̀nba ọmọ ogun tó kù jọ, ó dúró dè wọ́n. Nígbà tí Zhang Wenhu kó ọkọ̀ ìrẹsì dé, wọ́n ya bò ó. Oúnjẹ àti ohun ìjà tí wọ́n gbà kò lóǹkà. Zhang da ìrẹsì tó kù sómi, ó sá lọ sí Hainan.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló wú wa lórí jù. Bàbá ọba dárí jì í, ó wá ní kí wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, kí wọ́n lọ ròyìn ní bùdó àwọn èèyàn wọn pé ìrẹsì ò bọ̀ mọ́. Ẹ wo ọgbọ́n! Àwọn Mongol ti wọ Thang Long, olú ìlú, tí à ń pè ní Hanoi lónìí, wọ́n bá a lófìfo. Wọ́n rán Omar lọ pàdé ọkọ̀ ìrẹsì, kò rí nǹkan kan. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ilé ló kàn, ọ̀nà ilé sì ni Bach Dang, níbi tí wọ́n ti mú Omar fúnra rẹ̀.

A ò sọ pé Khanh Du mọ́ o. Nígbà tó ń ṣọ́ Van Don, ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má dé àkẹtẹ̀ Ṣáínà mọ́, torí kí wọ́n lè dá ọ̀tá mọ̀, àkẹtẹ̀ Ma Loi ni kí wọ́n máa dé. Àṣé ó ti rán èèyàn lọ ra àkẹtẹ̀ Ma Loi jọ ní kọ̀rọ̀! Ó wọ́n débi pé ẹyọ kan di iye ìgàn aṣọ kan. Ẹ̀yin ọlọ́jà inú wa, ẹ máa rẹ́rìn-ín.

Ní erékùṣù Quan Lan, ní agbègbè Van Don kan náà, wọ́n ṣì ń fi ọkọ̀ sáré ìje lọ́dọọdún láti fi rántí ogun ìrẹsì yẹn àti ọ̀gágun tó jà á.