Ta Ni Ó Ni Igi Inú Igbó Ọba?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a gbé wá síwájú yín lónìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò sì ṣe é fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú láàrin Yorùbá. Bí a bá ń kọjá lẹ́bàá igbó ọba, ìbáà ṣe ti Olókèmejì tàbí ti igbó Ọmọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó yẹ kí a bi ara wa pé: ta ni ó ni ilẹ̀ yìí, ta ni ó sì ni igi orí rẹ̀?

Ní ìlànà àwọn baba wa, ẹbí ni ó ni ilẹ̀. Olórí ẹbí kàn ń bójú tó o ni. Àlejò tí ó bá tọrọ ilẹ̀ dáko yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á láyè láti gbin obì tàbí kòkó, igi tí ó gbìn di tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ ẹbí. Ilẹ̀ lè ní olóhun kan, kí igi orí rẹ̀ sì ní òmíràn. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Òwò rọ́bà wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba amúnisìn tẹjú mọ́ igbó. Ní 1895, ìwọ̀n rọ́bà tí ó ti Èkó lọ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn. Igi ìrẹ́ ni wọ́n ń ṣá lára láti gba oje rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣá a jẹ́ àlejò tí kò ní igi náà, wọ́n sì ṣá a títí ó fi kú. Kò pẹ́ tí òwò náà fi wó.

Ní 1897, ìjọba Èkó gbé àbá òfin igbó kalẹ̀. Àwọn ará Èkó takò ó, wọ́n ní ọ̀nà àtigba ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Síbẹ̀, ní 1899, a ya igbó Olókèmejì sọ́tọ̀, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé ilẹ̀ kò ní olóhun: ní 1921, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù dá Olóyè Àmọ́dù Tìjání láre lórí ilẹ̀ Àpápá, ó ní ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn ènìyàn rẹ̀, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìlànà tí a ń pè ní taungya dé, láti ilẹ̀ Bọ́mà. Ìjọba a fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ nínú igbó ọba; àgbẹ̀ a ṣán an, a gbin iṣu àti àgbàdo, a sì gbin igi tíìkì tàbí mẹ́líínà sáàrin wọn. Lẹ́yìn bí ọdún 2 tàbí 3, tí igi bá ti ṣíji bo ilẹ̀, àgbẹ̀ a kó ẹrù rẹ̀ lọ síwájú. Igi tí ó gbìn di ti ìjọba. Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù, ni Yorùbá wí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹrú ni àgbẹ̀ ni? Abájọ tí àwọn kan fi ń tọ́jú iṣu ju igi lọ, tí àwọn mìíràn sì gbin kòkó sínú igbó ọba láìgbàṣẹ.

Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí ire ará ìlú. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ inú igbó ọba kò tìtorí èyí di ẹni tí ó ní igi.

Àwọn kan lè sọ pé bí a bá fún àgbẹ̀ ní ẹ̀tọ́, igbó yóò run. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Igi ìrẹ́ ti kọ́ wa pé ẹni tí kò ní ìpín nínú ọ̀la igi kì í ṣàánú rẹ̀ lónìí. Bí a ó bá tún òfin ṣe, kí a fún àgbẹ̀ ní ìwé àdéhùn tí yóò tó ìgbà tí igi yóò gbó. Kí ó ní ìpín nínú owó igi tí ó gbìn. Kí a má sì gbàgbé ẹbí tí ó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe àjèjì òfin: ìlànà àwọn baba wa ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbé ìbéèrè náà lọ sí kíláàsì.