Ẹkúyá

Ẹkúyá (Gynandropsis gynandra) jẹ́ èpò àti ẹ̀fọ́ tó ń hù lóko, ní ààtàn àti etí ọ̀nà, títí kan ìgboro Èkó bíi Jíbówú. Ìbátan mọ́sítáàdì ni. Ewé wẹ́wẹ́ márùn-ún ló sábà ń wà lórí igi ewé kan. Bí a bá fọwọ́ ra á, èròjà glucosinolate inú rẹ̀ á pàdé ẹ́ńsáìmù myrosinase, á sì di òróró títa tó ń lé kòkòrò. Bíbọ̀ ẹ̀fọ́ náà ń dín ìkorò rẹ̀ kù. Nínú oko àgbàdo, oògùn apako 2,4-D ń pa á láìpa àgbàdo. Oògùn glyphosate ní tirẹ̀ ń pa àtòun àtàgbàdo. Láti 2024 ni NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti fòfin de paraquat, oògùn apako mìíràn. Kí àgbẹ̀ tètè ro ó kó tó so, nítorí hóró rẹ̀ pọ̀.