Àwọn Tó Fa Ọkọ̀ Tó Rì Sókè, àti Ìwé Tí Wọ́n Kọ

Ìwé tí ọ̀gá kọ àti ìwé tí ọmọ iṣẹ́ kọ lórí iṣẹ́ kan náà kì í jọra. Mo ti mọ èyí látìgbà tí mo ti ń fa okùn lórí tọ́ọ̀gì ní Àpápá. Ohun tí ọ̀gá ọkọ̀ máa ń kọ sílẹ̀ ni pé a ti so ọkọ̀ mọ́ èbúté láàárọ̀, kò sí wàhálà. Ẹni tí okùn bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ̀ pé wàhálà wà. Nígbà tí mo wá fẹ̀yìn tì, tí mo ń ka ìwé àwọn ológun ojú omi tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyọ ọkọ̀ tó rì, ogun kọ́ ni mo ń wá níbẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ kan okùn ni mo ń wá.

Pearl Harbor ní Hawaii ni mo ti rí ìwé tó ṣeé fi wé ara wọn jù. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941, bàálù ogun Japan fi bọ́ǹbù àti tọ̀pídò lu àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Tọmọdé tàgbà ló ti gbọ́ ìyẹn. Èyí tí wọn kì í sábà sọ ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tó jókòó sínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ náà ló padà lọ sójú ogun. Wọ́n fa Nevada jáde ní oṣù Kejì 1942, California ní oṣù Kẹta, West Virginia ní oṣù Karùn-ún.

Homer Wallin ni ọ̀gá tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ní oṣù Kìíní 1942. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1968, ìjọba Amẹ́ríkà ló sì tẹ̀ ẹ́. Ìwé ọ̀gá ni lóòótọ́: iye ìgbà tí wọ́n wọ omi, nǹkan bí 5,000, iye wákàtí tí wọ́n lò lábẹ́ rẹ̀, nǹkan bí 20,000. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe fi pákó ńlá bo ihò tí tọ̀pídò dá sí ẹ̀gbẹ́ West Virginia, tí wọ́n da kọnkéré sí etí rẹ̀ lábẹ́ omi kó lè dì, kí pọ́ǹpù tó máa gbọ́n omi jáde.

Ibi tó ti dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ Oklahoma. Ọkọ̀ yẹn ti dojú dé pátápátá, ìdí rẹ̀ ló wà lókè, èèyàn 429 sì ti bá a lọ. Wọ́n to wíǹṣì 21 sórí ilẹ̀ Ford Island, wọ́n na wáyà irin láti ibẹ̀ dé ara ọkọ̀, wọ́n wá gbé òpó igi gíga dúró lórí ìdí ọkọ̀ náà kí wáyà lè gba orí rẹ̀ kọjá. Òpó yẹn gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fa ohun tó wúwo rí, ẹ ó gbà fún mi: tí wáyà bá ń fà láti ìsàlẹ̀, ọkọ̀ á kàn máa wọ́ nínú ẹrẹ̀ ni. Tó bá gba òkè òpó, kò sí bó ṣe máa ṣe é tí kò ní yí. Láti oṣù Kẹta sí oṣù Kẹfà ọdún 1943 ni wọ́n fi yí i dúró, díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá, àmọ́ Oklahoma kò jagun mọ́. Ní 1947, tọ́ọ̀gì méjì, Hercules àti Monarch, ń fà á lọ sí San Francisco kí wọ́n lè tú u tà nígbà tí ìjì dé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rì, tó sì ń fa àwọn méjèèjì sẹ́yìn. Okùn Monarch tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti Hercules kò tú àfìgbà tó kù díẹ̀ kí òun náà wọmi. Mo ka ibẹ̀, mo dìde, mo lọ mu omi. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró sẹ́yìn tọ́ọ̀gì nígbà tí okùn le mọ́ ọn lọ́wọ́ á mọ ohun tó gbé mi dìde.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Wallin sọ ní ṣókí. Nígbà tí wọ́n gbọ́n omi kúrò nínú West Virginia, wọ́n bá òkú atukọ̀ mẹ́ta nínú yàrá ẹrù kan. Kàlẹ́ńdà wà níbẹ̀, wọ́n ti fi àmì sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ 7 títí dé ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá. Ó sọ ọ́, ó sì kọjá lọ.

Èmi ò lè kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí. Ní oṣù Karùn-ún 2013, tọ́ọ̀gì kan tó ń jẹ́ Jascon-4 dojú dé lójú òkun Escravos. Harrison Okene tó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ náà rí ibi tí afẹ́fẹ́ há sí, ó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 60, ní ìsàlẹ̀ omi tó tó mítà 30. Òkú ni àwọn amòòkùn wá kó. Ọwọ́ tí wọ́n rí nínú omi ni ọ̀kan nínú wọn dì mú, ọwọ́ náà sì di tirẹ̀ mú padà. Àwọn mọ́kànlá tó kù nínú ọkọ̀ náà kò yè. Okene fúnra rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́ amòòkùn lẹ́yìn ìgbà yẹn, ohun tí èmi ò jẹ́ ṣe láéláé.

Edward Raymer ní tirẹ̀, amòòkùn ni. Ìwé rẹ̀, *Descent into Darkness*, jáde ní 1996, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn ti Wallin, èbúté kan náà ló sì ń sọ. Epo tó tú jáde ti sọ omi di dúdú, iná tí wọ́n bá gbé wọlé kò wúlò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran. Kí amòòkùn tó sọ̀ kalẹ̀, á ti wo àwòrán inú ọkọ̀ náà títí yóò fi mọ́ ọn lórí: ilẹ̀kùn wo, àtẹ̀gùn wo. Wọ́n á wá gbé àṣíborí bàbà lé e lórí, bàtà tí wọ́n fi òjé sí nídìí sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà àti wáyà tẹlifóònù ń wọ́ tẹ̀ lé e, ó sì gbọ́dọ̀ rántí gbogbo igun tó yà, torí ọ̀nà tó gbà wọlé náà ló máa gbà jáde. Ẹni tó wà lókè á mú àwòrán dání, á máa júwe ọ̀nà fún un lórí tẹlifóònù. Inú ọkọ̀ ogun Arizona ni ohun kan ti ń kọ lu Raymer nínú òkùnkùn. Ó fọwọ́ kàn án. Òkú àwọn atukọ̀ ni.

Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ tí wọ́n bá gbọ́n omi rẹ̀ tán náà ń pani. Ní Nevada, gáàsì olóró tó jáde láti inú ohun jíjẹrà pa ọkùnrin méjì ní oṣù Kejì 1942.

Tọ́ọ̀gì tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni Hoga. Lọ́jọ́ ìkọlù náà, ó fa ọkọ̀ Vestal kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Arizona tó ń jó, ó bá wọn ti Nevada lọ sí etí omi kó má bàa dí ẹnu ọ̀nà èbúté, ó sì ń pa iná fún wákàtí 72. Ó ṣì wà lónìí, ní ilé ìtọ́jú ohun àtijọ́ kan ní North Little Rock, ní Arkansas. Àwọn tó wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi ò tíì rí ìwé tí ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó sì ń dùn mí.

Nínú àwọn tó kọ irú ìwé yìí, Edward Ellsberg wà láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ dùn, òun náà sì mọ̀ pé ó dùn. Ẹ ó máa pàdé òun fúnra rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ó wọ omi. *On the Bottom*, tó jáde ní 1929, dá lórí S-51, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi tí ọkọ̀ City of Rome kọ lù ní oṣù Kẹsàn-án 1925 nítòsí Block Island. Mẹ́ta péré ló yè nínú èèyàn 36. Ẹsẹ̀ bàtà 132 ló wà nísàlẹ̀ omi, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbẹ́ ihò gba abẹ́ rẹ̀ kí ṣéènì lè kọjá. Amòòkùn kan, Francis Smith, dọ̀bálẹ̀ nínú ihò náà, ó ń fi omi rọ́bà fọ ilẹ̀ níwájú rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ya lé e lẹ́yìn. Ó yí ẹnu rọ́bà náà sẹ́yìn, ó fọ ọ̀nà fún ara rẹ̀ títí ó fi jáde. Ó sinmi díẹ̀, ó tún wọ inú ihò náà padà. Ní oṣù Keje 1926, ọkọ̀ náà yọ.

Ìwé Ellsberg tó jáde ní 1946, *Under the Red Sea Sun*, gbé wa wá sí Áfíríkà, sí Massawa ní Eritrea. Kí àwọn ará Ítálì tó juwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1941, wọ́n ri ọkọ̀ àti dọ́ọ̀kì ńlá tó ń léfòó, wọ́n fi bọ́ǹbù lu ìdí rẹ̀. Ellsberg dé ní 1942, kò sì yọ ara rẹ̀ lẹ́nu nípa ihò ìdí yẹn. Afẹ́fẹ́ ló ń fún wọ inú rẹ̀ láti òkè, omi ń gba ihò jáde nísàlẹ̀, bí ẹni da ife dé sínú omi. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí dọ́ọ̀kì náà fi léfòó. Àwọn ará Eritrea bá a ṣiṣẹ́ nínú oòrùn tó ń bó ènìyàn lára. Ìwé wọn ni mo bá fẹ́ kà, ju tirẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ ka Wallin, torí ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan rì sí kẹ́ ẹ tó tẹ̀ lé Raymer wọ inú rẹ̀. Ti Ellsberg lè dúró de ọjọ́ òjò.