Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Jẹ́ Ènìyàn

Bí a bá dárúkọ kọ̀ǹpútà lónìí, ẹ̀rọ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 140 ọdún sẹ́yìn, ní ibùdó ìwòràwọ̀ Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ènìyàn ni wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà, obìnrin sì ni púpọ̀ nínú wọn. Èrò mi ni pé awò ńlá nìkan kọ́ ló jẹ́ kí aráyé mọ bí ọ̀run ṣe tóbi tó. Ó yẹ kí ìtàn dárúkọ àwọn tó jókòó ka ohun tí awò náà rí.

Ọdún 1877 ni Edward Pickering di olórí ibùdó náà. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fi awò awọ̀nàjíjìn ya fọ́tò ojú ọ̀run sára àwo gíláàsì. Bí àwo náà bá ṣe ń pẹ́ tó níwájú ọ̀run ni ìmọ́lẹ̀ ń pọ̀ sí i lára rẹ̀, títí ìràwọ̀ tí ojú lásán kò lè rí yóò fi hàn. Àmọ́ àwo kò lè ka ara rẹ̀. Ta ni yóò ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀?

Pickering gba àwọn obìnrin síṣẹ́. Williamina Fleming, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé rẹ̀ rí. Annie Jump Cannon, tí kò gbọ́ràn dáadáa, pín ìràwọ̀ bí 350,000 sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Sẹ́ǹtì 25 ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà fún wákàtí kan.

Henrietta Leavitt wà lára wọn. Ó máa ń gbé àwo ọjọ́ kan lé ti ọjọ́ mìíràn. Ìràwọ̀ dúdú lára ọ̀kan, funfun lára èkejì. Èyí tí kò bá bára mu, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti yí padà nìyẹn. Ní ọdún 1908, ó kéde irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ 1,777. Ní 1912, ó fi 25 nínú wọn hàn pé bí ìràwọ̀ náà bá ṣe mọ́lẹ̀ tó ni yóò ṣe pẹ́ tó kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó pọ̀, kó dínkù, kó sì tún pọ̀.

Kí ni ìwúlò èyí? Bí a bá rí àtùpà lókèèrè lóru, a kò lè mọ̀ bóyá iná rẹ̀ kéré ni tàbí ó jìnnà. Ṣùgbọ́n bí a bá mọ bí iná rẹ̀ ṣe pọ̀ tó gan-an, a lè ṣírò ibi tó wà. Ohun tí Edwin Hubble ṣe nìyẹn nígbà tó rí irú ìràwọ̀ yìí nínú Andromeda ní 1923. Ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé Andromeda jìnnà ré kọjá agbo ìràwọ̀ tiwa.

Leavitt kò rí ọjọ́ náà. Ó kú ní 1921. Ní 1925, ọ̀mọ̀wé kan ní Sweden kọ lẹ́tà sí i pé òun fẹ́ dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel. Kò mọ̀ pé ó ti kú.

Lónìí, ní orí òkè Cerro Pachón ní Chile, awò kan wà tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 8.4. Ní 2025 ni wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ètò orí kọ̀ǹpútà ló ń fi fọ́tò tuntun wé ti tẹ́lẹ̀ láti mọ ohun tó yí padà. Iṣẹ́ Leavitt gan-an ni! Inú mi dùn pé orúkọ obìnrin onímọ̀ ìràwọ̀, Vera Rubin, ni wọ́n fi sọ ibùdó náà.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrèǹgbè. Awò ló lè dé ibi tí ojú wa kò tó. Ènìyàn ló mọ ìbéèrè tó yẹ kí a bi í. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe rò pé ẹni tó ń ka nǹkan sínú ìwé ní kọ̀rọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Òun lè ni yóò wọn ọ̀run fún wa.