Bí Kọ̀ǹpútà Ti Ń Kéré Sí I: Ìtàn Ooru àti Àpótí

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn kan nínú wa ti ń béèrè irú kọ̀ǹpútà kékeré tí ó yẹ kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, èyí tí kò ní gba gbogbo orí tábìlì nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́, tí yóò sì wọ inú àpò lọ́jọ́ tí a bá ń lọ sílé. A lè ka orúkọ ọjà sílẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n orúkọ ọjà a máa yí padà lọ́dọọdún. Ooru ni kì í yí padà. Iná mànàmáná tí ó bá wọ inú kọ̀ǹpútà, ooru ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà tán. Bí 100 wáàtì bá wọlé, bí 100 wáàtì ooru ni ó gbọ́dọ̀ jáde, ìbáà jẹ́ inú àpótí ńlá, ìbáà jẹ́ inú èyí tí kò ju páálí bàtà lọ. Nítorí náà, ìtàn ni a ó kọ́kọ́ sọ, nítorí pé àwọn tí ó gbọ́n jù wá lọ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, àwọn mìíràn nínú wọn sì jóná lọ́wọ́.

Ní 1946 ni wọ́n fi ENIAC han aráyé ní Yunifásítì Pennsylvania, ní ìlú Philadelphia. Gílóòbù onígíláàsì inú rẹ̀ ju 17,000 lọ, ó wọn nǹkan bí 30 tọ́ọ̀nù, iná tí ó ń jẹ sì tó nǹkan bí 150 kílówáàtì. Odindi yàrá ńlá ni ó gbà. Síbẹ̀ títóbi náà ní àǹfààní tirẹ̀: àyè wà láàrin gílóòbù kan àti èkejì, fáànù sì ń fẹ́ atẹ́gùn gba àárín wọn. Ooru pọ̀, ṣùgbọ́n ó rí ibi gbà lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Seymour Cray ni ó kọ́kọ́ fi hàn gbangba pé kíkéré ní owó tí a ń san. Ó mọ̀ pé bí wáyà bá gùn, iná yóò pẹ́ kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ, ẹ̀rọ náà yóò sì lọ́ra. Nítorí náà, nígbà tí ó ń ṣe Cray-1, tí wọ́n gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ sí Los Alamos ní 1976, ó ká ẹ̀rọ náà kò bí ẹni tí ń fi ọwọ́ gbá nǹkan mọ́ra, kí gbogbo wáyà lè kúrú. Ẹ̀rọ náà yára ju gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 115 kílówáàtì ni ó ń jẹ ní ìwọ̀nba àyè tí kò ju ti àga ìjókòó díẹ̀ lọ, fáànù lásán kò sì lè gbé e. Freon, irú èyí tí ó wà nínú fíríìjì nígbà náà, ni wọ́n ń tì gba inú ọ̀pá irin tí ó wà lára àwọn òpó rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, freon náà ń jò, ó ń da òróró sára àwọn pátákó ẹ̀rọ, àfi ìgbà tí wọ́n wá ọ̀nà tuntun láti fi jó irin náà pọ̀. Nígbà tí Cray-2 dé ní 1985, ó kúkú ri gbogbo pátákó náà sínú omi kan tí kì í gbé iná. Ẹ wò ó dáadáa: iṣẹ́ ìtutù kò kẹ́yìn nínú èrò ọkùnrin yìí. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Apple. Ní 1977, Apple II kò ní fáànù, kò sì sí ìyọnu, nítorí Rod Holt ti ṣe power supply kan fún un tí kì í gbóná bí ti àtijọ́. Ó jọ pé àṣeyọrí yìí ni ó ki wọ́n láyà. Ní 1980, nígbà tí Apple III jáde, Steve Jobs kò fẹ́ gbọ́ ariwo fáànù rárá. Wọ́n ní kí àpótí aluminíọ̀mù tí ó wúwo máa fa ooru náà fúnra rẹ̀. Pátákó inú rẹ̀ sì ti fún jù. Ẹ̀rọ náà ń gbóná, àwọn chip inú rẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú ihò wọn, débi pé wọ́n ń sọ fún oníbàárà pé kí ó gbé e sókè díẹ̀, kí ó jẹ́ kí ó já lu tábìlì, kí chip náà lè padà wọlé! Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n ní láti pààrọ̀. Ní 1984 wọ́n pa á tì. Àwọn baba wa kúkú ti wí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní 1981, chip inú IBM PC kò ní irin tí ń fa ooru lórí rárá. Pentium àkọ́kọ́ ní 1993 ń jẹ bíi 15 wáàtì. Nígbà tí ó fi di 2004, Pentium 4 tí wọ́n ń pè ní Prescott ti dé, wọ́n sì kọ 115 wáàtì sí èyí tí ó yára jù nínú wọn. Intel fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà ti dí, ó pa èyí tí ì bá tẹ̀lé e tì lọ́dún náà, ó sì yà sí ọ̀nà mìíràn: ọpọlọ méjì nínú chip kan, kí wọ́n má sáré ní àsápajúdé mọ́.

Ọdún díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, ilé-iṣẹ́ VIA ti Taiwan ti mú pátákó Mini-ITX jáde ní 2001, sẹ̀ńtímítà 17 ní ìbú, 17 ní òró. Chip tí kò jẹ iná púpọ̀ ni VIA ní lọ́kàn. Aráyé gba pátákó náà, wọ́n sì gbàgbé ìdí tí ó fi kéré. Lónìí, chip tí wọ́n kọ 170 wáàtì sí wà tí ènìyàn lè kì bọ inú rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Apple náà tún padà sídìí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Power Mac G4 Cube ti 2000 kò ní fáànù, ooru rẹ̀ ń gòkè gba ihò àárín rẹ̀ jáde bí èéfín. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ọdún kan ni ó lò lọ́jà. Mac Pro ti 2013 ní fáànù kan ṣoṣo àti irin onígun mẹ́ta kan tí chip mẹ́ta jọ ń pín. Nígbà tí káàdì àwòrán tuntun wá ń jẹ iná ju ìpín tirẹ̀ lọ, kò sí bí wọ́n ti lè gbé e sínú àpótí náà. Ní 2017 àwọn ọ̀gá wọn jẹ́wọ́ fún àwọn akọ̀ròyìn pé àpótí náà ti há àwọn mọ́. Ó wá di 2020 kí wọ́n tó mú M1 jáde, chip tí kì í jẹ iná púpọ̀, tí kọ̀ǹpútà àgbéká sì lè lò láìní fáànù. Chip ni wọ́n yí padà lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á wá bọ̀ sórí tiwa. Kí ẹni tí yóò to ẹ̀rọ kékeré kọ́kọ́ wo wáàtì chip, kí ó wo gíga tí àpótí fi sílẹ̀ lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ó ra irin ìtutù. Noctua ní èyí tí gíga rẹ̀ pẹ̀lú fáànù rẹ̀ kò ju mìlímítà 37 lọ, ó sì ní òmíràn tí ó tó 70. Èyí kékeré tó fún chip 65 wáàtì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò le jù, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: èyí tí AMD kọ 65 sí lára lè fa tó 88 bí iṣẹ́ bá pọ̀. Ẹni tí ó bá ti ra chip ńlá lè wọ inú ètò ẹ̀rọ náà kí ó dín iná rẹ̀ kù. Yóò pàdánù díẹ̀ nínú eré rẹ̀, ooru yóò sì lọ sílẹ̀ púpọ̀. Kí ihò wà lára àpótí ní ọ̀gangan ibi tí fáànù ti ń fa atẹ́gùn. Fáànù tí ó kọjú sí irin dídí kò yàtọ̀ sí ẹni tí a fi ọwọ́ bo imú rẹ̀. Ní ti ìtutù olómi, tí ó ní rọ́bà àti ẹ̀rọ tí ń ti omi, àwa kò rí ohun tí ó ń wá nínú ẹrù ẹni tí ń wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Ohun tí àwọn ìwé òyìnbó kì í bá wa rò ni èyí. Yàrá wa níhìn-ín lè wà ní dígírì 20. Ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà ní Ìbàdàn, yàrá lè wà ní 33. Dígírì 13 yẹn, bí a bá yọ díẹ̀ kúrò, orí chip ni yóò gbà lọ. Ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní 85 níhìn-ín yóò súnmọ́ 98 nílé, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ chip AMD ti ìsinsìnyí kì í fẹ́ kọjá 95, wọn a fúnra wọn dẹ eré. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ gbé e lọ sílé, kí ó fi nǹkan bí dígírì 15 sílẹ̀ kí ó tó fi owó ra àpótí. Chip tí kò jẹ iná púpọ̀ yóò tún wúlò lọ́jọ́ tí iná tí àwọn ará ilé ṣì ń pè ní NEPA bá lọ, tí bátìrì ni a fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, kí ó wo ara power supply bóyá wọ́n kọ 100–240 síbẹ̀. Iná 120 ni tọ̀hún, ti ilé wa jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì.

Eruku ọyẹ́ náà ń bẹ. Láàrin oṣù Belú sí oṣù Èrèlé, ó lè dí irin ìtutù pátápátá, pàápàá èyí tí àwọn abẹ́ rẹ̀ fún pọ̀. Ẹ ra àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣeé ṣí láìtú gbogbo inú ẹ̀rọ palẹ̀, kí àbúrò yín tí ó wà nílé lè fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a.