Ìbọn ọdẹ tó ń ki ara rẹ̀

Ìbọn ọdẹ tó ń ki ara rẹ̀ ni èyí tó ń fi agbára ọta tí a yìn ju èèpo ọta náà nù, tó sì ń fa òmíràn wọlé. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ lára wọn, títí kan àwọn olówó pọ́ọ́kú tí púpọ̀ nínú wọn ń ti Tọ́kì wá. Ti àkọ́kọ́, bíi Remington 1100 ti ọdún 1963, ń fi díẹ̀ nínú gáàsì ẹ̀tù ti písítìnì. Ti èkejì, tí ilé iṣẹ́ Benelli sọ di olókìkí, ń lo sípíríǹgì tó ń fún pọ̀ nígbà tí ìbọn bá ta sẹ́yìn.

Àwọn kan gbà pé ti sípíríǹgì ló ṣeé gbára lé jù, nítorí gáàsì ẹ̀tù kì í fi bẹ́ẹ̀ da ìdọ̀tí sínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìdọ̀tí rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ọta tí kò lágbára tó, tàbí ẹrù tí a so mọ́ ìbọn, lè mú un há. Ti gáàsì kì í ta èjìká púpọ̀, àmọ́ ó ń fẹ́ ìtọ́jú lemọ́lemọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ìlànà nìkan ló ń pinnu bí ìbọn ṣe ṣeé gbára lé tó: bí wọ́n ṣe gé irin rẹ̀, ọta tó bá a mu àti ìmọ́tótó náà ń kó ipa.